Àwọn ọmọ Tankẹ tó kọ sọ́fítíwíà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀fà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì kú mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹ ó rántí ọjọ́ náà. Àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun wá sọ́dọ̀ wa, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, ni áàpù báńkì ò bá ṣí mọ́, tí àwọn oníPOS ń dá èèyàn padà. Àlàmísì ni, ààwẹ̀ sì ti wọ ọjọ́ kẹrin. Mo ti wọkọ̀ ní Ọ̀fà láti àárọ̀ kùtù, mo ti kọjá Àjàsẹ́-Ìpo, ọkọ̀ ti ń wọ Gànmọ̀ kí n tó gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tó ń kọ sọ́fítíwíà fún ẹgbẹ́ wa ní kí n wá wo ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Mo ní owó ọkọ̀ mi ti wọgbó.

Mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, mo bá èèyàn márùn-ún nídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kálukú kún fún iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ọ̀dọ̀ tiyín ò lọ ni?" Ọmọbìnrin tó máa ń gbẹnu sọ fún wọn kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ó lọ, Màmá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kálukú wa ni gbogbo iṣẹ́ wà." Ó fún mi ní àga, ó wá ṣàlàyé.

Nǹkan tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn ni Git. Linus Torvalds, ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ Linux, ló kọ ọ́ ní 2005. Ẹni tó bá fi Git gba iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe rí lónìí nìkan ló gbà. Gbogbo ìtàn rẹ̀ ló gbà látìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó kọ ìlà yìí, ọjọ́ tó kọ ọ́, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí tó fi yí i padà. GitHub tí wọ́n máa ń gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi ìpàdé lásán ni. Lọ́jọ́ tí ibi ìpàdé yẹn ò ṣeé dé, ọ̀kan nínú wọn sọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ di ibi ìpàdé, àwọn yòókù ń gba orí Wi-Fi inú yàrá kó iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Wi-Fi inú yàrá ò ní í gba abẹ́ òkun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì ọ́.

Akápò ni mí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ lẹ́jà kan ṣoṣo. Ní 2017 òjò jò gba àjà ṣọ́ọ̀bù mi wọlé, ó bọ́ sórí lẹ́jà ẹgbẹ́, odindi ọdún kan yọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi àti akọ̀wé fi ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà Owódé, tí à ń tọrọ ìwé kékeré ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká lè fi tún un kọ. Àwọn kan ti sọ tiwọn nù. Àwọn kan ní iye tí wọ́n san ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì ní ẹ̀rí tí a ó fi jà. Torí náà nígbà tí ọmọ yẹn sọ fún mi pé ẹni mẹ́fà ló ní lẹ́jà, tí ìkọ̀ọ̀kan sì pé, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún un tú fún mi. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí, kí akápò ẹgbẹ́ mìíràn tó ń wá irú iṣẹ́ yìí lè mọ ohun tó ń lọ bá, èyí tó dára àti èyí tó dùn mí.

Ẹgbẹ́ wa jẹ́ èèyàn 214. Àwọn aláṣọ, àwọn ẹlẹ́lùbọ́, àwọn ránṣọránṣọ, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti tíṣà bíi mélòó kan. Ó kéré tán, ₦5,000 ni kálukú ń fi pamọ́ lóṣù. Ẹni tó bá nílò owó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́ bó bá ní onídùúró méjì, oṣù méjìlá ni yóò sì fi san án. Lópin ọdún a máa pín èrè. Ohun tí alájẹṣẹ́kù ń ṣe níbi gbogbo náà ni.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Tankẹ, ẹnìkan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa rí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe olè, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dá ṣiṣẹ́ ni. Ní 2021 ó gba ₦250,000, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi parí rẹ̀, inú wa dùn. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀nà là fún un lókè òkun, ó lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ra àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́ẹ́bùsáìtì náà, ímeèlì tirẹ̀ ni gbogbo ìwé owó ń wọlé sí, òun nìkan ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù. Nígbà tí ọdún pé tó yẹ ká san owó, kò sẹ́ni tó lè san án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí i, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Owó ẹnikẹ́ni ò sọnù torí báńkì ni owó wà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin lọ, èmi ni mo sì dìde dúró níwájú ìpàdé láti sọ ọ́. Obìnrin kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré wò mí lójú, kò sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń rí ojú yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin ló júwe àwọn ọmọ Tankẹ fún mi lópin 2023. Mẹ́fà ni wọ́n, obìnrin méjì, ọkùnrin mẹ́rin. Kò sí ẹni tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ nínú wọn. Kálukú ní oníbàárà tirẹ̀, àwọn kan ń kọ iṣẹ́ fún ará Jámánì àti Kánádà láti inú yàrá yẹn. Ohun tó kó wọn jọ ni pé ẹnìkan ò lè dá ra sólà àti bátìrì tó lè gbé e di alẹ́, ẹnìkan ò sì lè dá gba iṣẹ́ tó tóbi bíi tiwa. Ọ̀kan ń ya bí ojú ìwé yóò ṣe rí, méjì ń kọ apá tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rí lórí fóònù, méjì ń kọ apá ẹ̀yìn tó ń ṣírò owó, ẹnìkan ò ní iṣẹ́ míràn ju kó máa wá àṣìṣe àwọn yòókù kiri.

Kí n tó béèrè iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó láàárín ara wọn. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tí ẹgbẹ́ ti ń fọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó fọ́ nítorí ìpín àgbò kan. Wọ́n ṣí ìwé fún mi: nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sínú àpò àpapọ̀, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé, dátà àti àtúnṣe bátìrì, tí ẹni tí iṣẹ́ gbẹ mọ́ lọ́wọ́ lóṣù kan sì lè yá níbẹ̀. Ìdá 5 jẹ́ ti ẹni tó mú oníbàárà wá. Ìdá 80 tó kù, wọ́n ti kọ bí wọn yóò ṣe pín in sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Mo sọ ti aáró fún wọn. Bàbá mi àti ọkùnrin mẹ́rin míràn ló jọ ń ṣe é. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ọjọ́ tí o fún mi ni mo jẹ ọ́, kò sówó níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn ni pé o pe èèyàn, o sè fún wọn, wọ́n bá ọ ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin tó ń wá àṣìṣe ní aáró làwọn fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́: bí ẹnìkan bá há sórí iṣẹ́ tirẹ̀, èkejì á fún un ní ọjọ́ kan, yóò san án padà. Ó ní ìgbà tí iṣẹ́ ńlá dé ni wọ́n rí i pé aáró ò lè gbé e, torí oníbàárà ńlá fẹ́ mọ ẹni tí òun ń bá da owó pọ̀. Wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí limited liability partnership, irú èyí tí CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, fàyè gbà jákèjádò Nàìjíríà. Gbèsè iṣẹ́ ò ní lè wọ ilé bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn, àwa náà sì mọ̀ pé àkáǹtì ẹgbẹ́ ni owó wa ń wọ̀, kì í ṣe ti ẹnìkan.

Ojú ewé méje ni ìwé àdéhùn wa, ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tó yẹ kí gbogbo akápò mọ̀. Nínú òfin Copyright ti 2022, bí o bá san owó fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ pé kó bá ọ kọ nǹkan, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn tún un kà. Owó wa, iṣẹ́ wa, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wà! Àwọn fúnra wọn ló fi hàn mí, àwọn ló sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tí a bá san owó ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀ di ti ẹgbẹ́ wa. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti fi orúkọ ẹgbẹ́ ra àdírẹ́ẹ̀sì, ímeèlì ẹgbẹ́ ni wọ́n lò, páásíwọ̀ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ èmi, alága àti akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹnìkan ń dá ṣiṣẹ́ fún báyìí, ẹ lọ wo orúkọ ẹni tí wọ́n fi ra àdírẹ́ẹ̀sì yín.

Wọ́n tún kọ̀ láti gba nọ́ńbà BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ wa ò nílò rẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 ò sì fẹ́ kéèyàn máa kó ohun tí kò ní lò jọ. A gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n mọṣẹ́. A ní ká kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí Yorùbá ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì tí a ń dán an wò, ọmọkùnrin tó ń wá àṣìṣe pè mí, ó ní Bọ́lá kan wà tó ní owó ìfipamọ́ tí kò jẹ gbèsè, Bọ́lá míràn wà tó jẹ gbèsè tí kò ní owó ìfipamọ́, ẹ̀rí ọkàn òun sì ń sọ pé ẹnìkan náà ni wọ́n. Ẹnìkan náà ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ó náà tó ní àmì orí nìkan ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ tó ní tìsàlẹ̀ àti torí pọ̀ ò ní àyè kan ṣoṣo. Ńṣe ni fóònù ń to àmì lé lẹ́tà. Fóònù kan á mú ọ, á fi àmì orí lé e. Òmíràn á mú ó, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú rí ohun kan náà, kọ̀ǹpútà rí orúkọ méjì. Akọ̀wé wa ló tẹ ti ìfipamọ́ lórí fóònù tirẹ̀, èmi ló tẹ ti ẹ̀yáwó lórí tèmi.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí orúkọ kankan tó wọlé, sọ́fítíwíà á kọ́kọ́ to àwọn àmì náà sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Unicode, àjọ tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ti ṣe ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn sílẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò ó ni. Fún wíwá orúkọ, wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò lẹ́yìn, kí ẹni tó bá tẹ "Bola" lè rí gbogbo Bọ́lá tó wà, kó wá fi nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn fóònù mọ èyí tó ń wá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ ló ń sọ fún wa pé ká kọ orúkọ wa láìsí àmì kí nǹkan lè rọrùn. Àwọn ọmọ yìí ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ti kọ́bọ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ yẹn, àròpọ̀ wa máa ń fi náírà díẹ̀ yàtọ̀ sí ti báńkì lópin oṣù, ₦37, ₦52, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó gbà lọ. Ọmọbìnrin kejì, ẹni tó ń kọ ìṣirò, fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ó mú 0.30000000000000004 jáde. Ó ní méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń ka nǹkan, kò sì lè fi kíkà méjì-méjì kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kó pé, bí àwa náà ò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ́yìn àmì kí 3 yẹn dópin. Nítorí náà wọn kì í tọ́jú náírà rárá, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. ₦5,000 jẹ́ 500,000 nínú ìwé wọn, kò sí àmì kankan láàárín. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, àròpọ̀ wa àti ti báńkì ò tíì yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan. ₦37 ò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n akápò tó bá dúró níwájú èèyàn 214 tó ní "ó kù díẹ̀," ó ti parí fún un.

Èyí tó dùn mí ni ti èlé.

Ó lé ní ìdajì nínú wa tó jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í gba èlé tí kì í san án. Fún àwa yìí, ẹgbẹ́ kì í yá owó. Ohun tí o bá fẹ́ ni ẹgbẹ́ máa rà, fìríìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, àpò ìrẹsì ogún, yóò wá tà á fún ọ ní iye tí ẹ jọ fohùn sí, o ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Mùrábáhà ni. Kì í ṣe pé a yí orúkọ èlé padà. Bí mo bá pẹ́ san, kò sí ohun tí wọ́n lè fi lé e, iye tí a jọ sọ lọ́jọ́ kìíní ni iye náà. A ṣàlàyé èyí fún wọn ní ìpàdé mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i tí wọ́n ń kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ jáde fún ìdánwò, "Èlé: ₦4,500" ló wà lábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ní nǹkan láti san. Alhaja kan tó jẹ́ àgbà nínú wa, tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó wá bá mi ní ìsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìyá Akápò, ta ló kọ èlé sí mi lọ́rùn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo pe Tankẹ, mo sọ̀rọ̀ sí wọn bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ bíbí inú mi.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà dára. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí méjì nínú wọn fi wọ Ọ̀fà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní, Alhaja fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé títà àti rírà fún wọn fún wákàtí méjì. Wọ́n kọ ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún mùrábáhà, pẹ̀lú ìṣirò tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Mo wádìí bó ṣe jẹ́: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ ní ìpàdé kọ́ ló kọ ìṣirò, ẹni tó kọ ìṣirò kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ tó hàn lójú fóònù. Ọ̀rọ̀ gba ẹnu mẹ́ta kó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ò ní ní irú wàhálà yìí, torí etí tó gbọ́ ọ ni ọwọ́ tó kọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ: bí iṣẹ́ yín bá ní ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣì, kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ní kí ẹni tó máa kọ ọ́ gan-an tún un sọ fún yín.

Ní oṣù karùn-ún, ọmọkùnrin tó ń kọ apá ẹ̀yáwó rí iṣẹ́ ní Èkó. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́, wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ níta. Àyà mi já. Mo rántí 2021. Ọmọbìnrin ìṣirò ní kí n fọkàn balẹ̀, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ òun ti ń ka gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń kọ. Òfin wọn ni pé kò sẹ́ni tó lè da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti kà á, tó ti béèrè ìbéèrè, tó sì fọwọ́ sí i. Mo wo díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè yẹn lórí GitHub. "Bí onídùúró bá kú ńkọ́?" Ọmọbìnrin yìí ló béèrè rẹ̀, ní oṣù méjì ṣáájú. Mo ti ṣe akápò fún ọdún mọ́kànlá, onídùúró méjì sì ti kú lójú mi, a ò sì kọ ohun tó yẹ ká ṣe síbì kankan títí ọmọ yẹn fi béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọkùnrin náà fi fà á lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ wa fi pẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, ìlọ kan náà yẹn gba gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rà tí mo fi san owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni.

Owó náà pọ̀ lóòótọ́. ₦1,950,000 ni: ₦780,000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ₦585,000 nígbà ìdánwò, ₦585,000 nígbà tí wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́. Bí ẹ bá pín in sórí èèyàn 214, ó lé ní ₦9,100 lórí ẹnìkan. A dìbò sí i kí a tó yọ ọ́ nínú èrè ọdún méjì, èèyàn mọ́kàndínlógún ni kò fọwọ́ sí i. Ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún jẹ́ ₦240,000, owó àtẹ̀jíṣẹ́ sì dá dúró lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ju èèyàn ọgbọ̀n lọ, ẹ ra lẹ́jà méjì, kí ẹni méjì máa kọ ọ́, ẹ fi owó yín pamọ́.

Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn kan tó dín owó tiwọn kù, mi ò sì lè má sọ ọ́. A fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa fi káàdì san owó oṣù láti orí fóònù. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa. Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó káàdì, ń gba ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 lórí ìsanwó tó bá tó ₦2,500 sókè, kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Lórí ₦5,000, ₦175 nìyẹn. Obìnrin tó ń ta ata á máa sọ ₦175 nù lóṣooṣù kó lè fi owó ara rẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀, ká jẹ́ kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ tàbí kí wọ́n kó o wá fún mi, kí n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí àtẹ̀jíṣẹ́ sì lọ bá wọn lójú ẹsẹ̀, kódà lórí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ káàdì yẹn wà nínú owó tí a ti fẹ́ san tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́.

Ohun méjì ṣì wà tí inú mi ò dùn sí. Èkíní ni pé wọn kò ní ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà owó tóbi sí i lójú fóònù nítorí àwọn àgbàlagbà, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà, torí wọ́n ní àwọn ń jíròrò rẹ̀. Mo béèrè pé ta ni ọ̀gá kí n lè bá a sọ̀rọ̀. "Kò sí ọ̀gá, Màmá." Mi ò gba ìyẹn. Nínú aáró bàbá mi, ẹni tó ni oko lọ́jọ́ náà ló ń pàṣẹ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, bó bá sì di ọ̀la, ẹlòmíràn ni. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti yan ẹnìkan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí. Tiwa ni ọmọbìnrin ìṣirò, nǹkan sì ti yára.

Èkejì ni ti Sọ́ńdè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni ìpàdé wa. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án 2024, ó lé ní èèyàn 160 tó jókòó, sọ́fítíwíà ò jẹ́ kí n wọlé, mo pe nọ́ńbà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n ní Sọ́ńdè ni àwọn ń sinmi. Ó yẹ kí wọ́n sinmi, ọmọ ẹni ni wọ́n, mo rí bí ojú wọn ṣe máa ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún ló ṣì kù nínú wọn! Kí ẹnìkan máa gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn, kí ó yípo láàárín wọn. Wọ́n ṣèlérí rẹ̀, wọn ò tíì ṣe é. Ìlà márùn-ún ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí mo san owó ìtọ́jú ọdún kejì, mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti Sọ́ńdè.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú àwòrán lára ògiri, ìdajì èèyàn ti dìde kí wọ́n tó parí. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n fi Yorùbá ṣe é, wọ́n pín owó ìṣeré tí wọ́n fi bébà ṣe fún gbogbo èèyàn, wọ́n ní ká jọ dá àjọ lórí fóònù. Ìyẹn yé wọn. Ẹlẹ́lùbọ́ kan tí kò lè kàwé ló kọ́ àwọn mẹ́ta míràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí èmi, alága àti akọ̀wé. Mo máa ń gbé tèmi sórí fláàṣì pupa kan tí mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ti alága wà nílé rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Ti akọ̀wé wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin.